Ọmọ ewé ni, kì í ṣe "ewé kékeré": lórí orúkọ ẹ̀yà ara lúpínì

Ẹ̀yin ará, àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa sọ̀rọ̀ lúpínì, ewéko olódòdó kan, ní Yorùbá. Èkíní ní ká máa pè é ní "ẹ̀wà ìkookò", nítorí pé lupus, tí í ṣe ìkookò ní èdè Látìn, ló bí orúkọ náà Lupinus. Èkejì ní ká pe abala ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní "ewé kékeré". N kò fara mọ́ ìkankan, ṣùgbọ́n èkejì ló ká mi lára jù, torí òun ló lè ṣi ẹni tó ń wá ewéko náà lọ́nà.

Ti ìkookò kò gba àlàyé púpọ̀. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé àwọn ará àtijọ́ rò pé ewéko yìí ń jẹ ilẹ̀ run bí ìkookò ṣe ń jẹ àgùntàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ìdílé ẹ̀wà ló ti wá. Kókó ara gbòǹgbò rẹ̀ ń gba náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, ilẹ̀ sì ń jàǹfààní rẹ̀. Kí ló dé tí a ó fi ẹ̀sùn èké sọ ọmọ lórúkọ? Ìkookò tí àwọn baba wa mọ̀ kì í tilẹ̀ ṣe lupus àwọn ará Róòmù. "Lúpínì" ti tó.

Ó wá kan ewé. Ewé lúpínì kan ṣoṣo dà bí àtẹ́lẹwọ́ tó na ìka rẹ̀: ọ̀pá kan, abala púpọ̀ tó pàdé lójú kan. Iye abala yìí wà lára ohun tí a fi ń dá wọn mọ̀. Lupinus perennis ti ìlà oòrùn Amẹ́ríkà sábà máa ń ní 7 sí 11. Ti Lupinus polyphyllus, ọmọ ìwọ̀ oòrùn, lè tó 17. Tí mo bá wá sọ pé "ó ní ewé kékeré mẹ́sàn-án", ẹni tí kò rí i rí yóò máa wá ewéko tí gbogbo ewé rẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án lọ.

"Ọmọ ewé" ni tèmi. Ẹnìkan ti ní yóò dún bí ewé tí kò tíì dàgbà. Ẹ wo ọmọ odó: ṣé odó kékeré ni? Ọmọ ọlọ ńkọ́, ṣé yóò dàgbà di ọlọ? Ọmọ ìka gan-an ló sún mọ́ ọn jù, nítorí bí ìka ṣe wà lára ọwọ́ ni abala yìí ṣe wà lára ewé. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ní orúkọ tirẹ̀, ọ̀mùnú. Níbi tí ewé ti so mọ́ igi ni ọ̀mùnú ti ń yọ. Nǹkan kan kì í yọ nídìí ọmọ ewé.

Ọ̀rọ̀ yìí wúlò láti fi mọ lúpínì kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ní 1901, Lupinus subcarnosus ni àwọn aṣòfin Texas mú ní òdòdó ìpínlẹ̀ wọn. Ní 1971 ni wọ́n fi Lupinus texensis àti lúpínì yòókù tó ń hù níbẹ̀ kún un. Ọmọ ewé texensis ṣe ṣóńṣó lórí, ṣírí òdòdó rẹ̀ sì funfun ní téńté. Ọmọ ewé subcarnosus kò ní ṣóńṣó, ìyẹ́ òdòdó rẹ̀ sì wú.

Ní ti òdòdó, àwọn orúkọ kan náà wà nílẹ̀. Mo gba "àsíá" fún abala òkè òdòdó, mo gba "ìyẹ́" fún méjì ẹ̀gbẹ́. "Ìdí ọkọ̀" (keel lédè Gẹ̀ẹ́sì, igi gígùn tó wà nídìí ọkọ̀ ojú omi) fún ti ìsàlẹ̀ ni n kò gbà. Ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti ara igi kò ní igi ìdí yẹn, odindi ọkọ̀ sì ni ojú ń rí: tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ sókè lẹ́nu, ó gbé fọ́nrán akọ (stamen) mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pamọ́ sínú. "Ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́" ni kí a máa pè é. Irun pẹ̀lú ṣe pàtàkì láti fi dá wọn mọ̀: ẹ̀yìn àsíá Lupinus albifrons nírun, ti Lupinus arboreus dán.

Èyí tó kù ni àmì funfun àárín àsíá texensis, tó ń di àwọ̀ àlùkò bí òdòdó bá ti ń gbó, tí oyin sì ń yẹra fún. "Ojú àsíá" ni mo ń pè é. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó jọ̀wọ́ mú un wá.