Ìdánwò ọpọlọ fún ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀ ojú irin: kí ni wọ́n ń wò gan-an?

Tíṣà Kàbà

Okun o, gbogbo ilé. Láti ọdún 2020 tí ọkọ̀ ojú irin ti ń kó èrò láàárín Itakpe àti Warri, àwọn ọ̀dọ́ Kàbà àti Ìjùmú tó ń béèrè nípa iṣẹ́ awakọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àwọn kan tiẹ̀ ń wá irú iṣẹ́ yìí ní Ìlú Ọba. Mo mọ̀ pé lókè òkun, ìdánwò kan wà tí kì í ṣe ti ìwé, tí wọ́n fi ń yẹ ọpọlọ èèyàn wò bóyá ó bá iṣẹ́ náà mu, àwọn tó gboyè jáde sì máa ń fìdí rẹmi níbẹ̀. Kí ni wọ́n ń wò? Ṣé ìwé àti bírò tó láti fi múra sílẹ̀? Ẹ bá mi sọ ọ́ fínnífínní.

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í tètè kúrò lójú iṣẹ́ ni ìdánwò yìí ń wá, ìyẹn ló ṣe ń gbé àwọn olóyè ṣubú. Irin lórí irin kì í di ilẹ̀ mú bíi táyà rọ́bà lórí títì. Ọkọ̀ tó ń sáré 120 kìlómítà ní wákàtí kan lè rìn tó kìlómítà kan, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa bíréèkì. Bẹ́ẹ̀, wákàtí lè gorí wákàtí kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀, àsìkò yẹn gan-an lọkàn máa ń sá lọ. Lọ́dún 1948, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Norman Mackworth, ní káwọn èèyàn máa wo ọwọ́ aago kan tó ń fò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì nígbà tó bá fò lẹ́ẹ̀méjì pọ̀. Láàárín ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù rẹ̀.

Nítorí ẹ̀ ni ọ̀kan nínú ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò ní Ìlú Ọba fi máa ń gba bí ìdajì wákàtí. Àpótí kan ni yóò máa hàn lójú síkírínì. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ á dúdú sí i díẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì. Kò le, ó kàn ń súni ni, ohun tí wọ́n sì fẹ́ rí nìyẹn.

Èyí tí bírò ṣeé fi múra fún dáadáa ni ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní Bourdon. Ìwé kún fún àmì tó-tò-tó tí wọ́n kó jọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin, márùn-ún-márùn-ún. Àwọn mẹ́rin nìkan ni kẹ́ ẹ fàlà sí, aago sì ń lọ. Ẹni tó bá ń kà wọ́n ní oókan, eéjì, kò ní í bá a. Onírúurú ọ̀nà ni wọ́n máa ń gbà to mẹ́rin náà, ẹ kọ́ ojú yín láti dá ìrísí wọn mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni fífo ìlà kan odindi àti pípadà sẹ́yìn lọ tún èyí tó ti kọjá ṣe. Ẹni tó sáré lójú ìwé kìíní tó wá wọ́lẹ̀ lójú ìwé kẹta ti fi ara rẹ̀ hàn.

Òmíràn tún wà tó máa ń dà wọ́n láàmú gan-an: ẹ óò máa wá àmì méjì tó jọra lójú ìwé tó dà bí ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù, ẹ óò sì máa ka iye ìgbà tí ohùn kan dún. Èèyàn á wá àmì títí, á gbàgbé kíkà. Ẹ fi ìwé ìròyìn dánra wò: ẹ máa fàlà sídìí gbogbo “gb” nígbà tí ẹnì kan ń lu tábìlì, kẹ́ ẹ sọ iye ìlù náà nígbẹ̀yìn.

Ará Ẹ̀gbẹ̀

Mo fẹ́ fi ìdánwò ti ọwọ́ kún un. Bọ́tìnnì tàbí ọ̀pá kékeré méjì ni. Ọwọ́ kan ń gbé àmì pupa lọ sọ́tùn-ún sósì, ọwọ́ kejì ń gbé e lọ sókè sódò, kẹ́ ẹ wá tọ ọ̀nà tóóró kan já láìfara kan ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ń ṣírò àkókò, wọ́n sì ń ṣírò bó ṣe pẹ́ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ lọ pẹ̀lẹ́ títí ọwọ́ méjèèjì á fi mọra, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yára.

Ní Japan, ìṣirò ni. Ẹ óò máa ro nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ léra pọ̀, ẹ óò kọ èyí tó kẹ́yìn nìkan: 7 àti 8 jẹ́ 15, ẹ kọ 5. Ìṣẹ́jú kan fún ìlà kan, ìṣẹ́jú 15, ìsinmi ìṣẹ́jú 5, ìṣẹ́jú 15 mìíràn. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sókè sódò láti ìlà dé ìlà ni wọ́n ń kà.

Ṣùgbọ́n ká má fi gbogbo ẹrù lé ìdánwò lórí. Lójú ọ̀nà Ìlú Ọba, fèrè máa ń dún fún awakọ̀ bó bá ń súnmọ́ iná tó ń darí ọkọ̀, tí iná náà kì í ṣe àwọ̀ ewé, òun á sì tẹ bọ́tìnnì láti fi hàn pé òun ti gbọ́. Ọwọ́ lè mọ ìyẹn lára débi tí ọkàn kò ní í sí níbẹ̀ mọ́. Ní Ladbroke Grove, London, ní October 5, 1999, awakọ̀ tẹ bọ́tìnnì náà, ó sì kọjá iná pupa. Èèyàn 31 ló kú. Ìwádìí fi hàn pé iná náà ṣòro rí, àti pé ìdálẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ náà kò kún tó. Ohun táwọn awakọ̀ Japan ń ṣe wù mí púpọ̀: wọ́n ń na ìka sí iná, wọ́n sì ń fi ẹnu pe ohun tó wí. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín bẹ́ẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Tíṣà Kàbà

Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Ti ojú ńkọ́? Kí sì ni kí wọ́n ṣe lálẹ́ tí ilẹ̀ bá máa mọ́ ọjọ́ ìdánwò?

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ yẹ ojú wò kẹ́ ẹ tó náwó sórí nǹkan kan, pàápàá jù lọ àwọn ọmọkùnrin, nítorí àwọn ni àìlèdá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé pọ̀ lára wọn. Òfin Yúróòpù fàyè gba awò ojú, ṣùgbọ́n kò gba awò inú ẹyinjú tó láwọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò parí síbẹ̀: lẹ́yìn tí wọ́n bá gba èèyàn, ó kéré tán, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi pé ọdún 55, lẹ́yìn náà ọdọọdún.

Ní ti alẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ ọkọ̀ òru láti Kàbà lọ Èkó tàbí Àbújá kí wọ́n sì jókòó sí ìdánwò ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Kí wọ́n ti dé ní ọjọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n sùn. Piriton máa ń mú oorun kunni, ẹni tó bá lo òun tàbí oògùn ikọ́ lálẹ́ á rí i lára àpótí tí mo sọ yẹn. Ẹni tí kì í jẹ obì tàbí mu kọfí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọwọ́ lè máa gbọ̀n nídìí ọ̀pá méjì yẹn.