Iṣẹ́ gravity àti mag: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ wá bá mi dá sí i

Àjàní: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ríṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wá ohun àlùmọ́ọ́nì níbí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa wọ igbó. Wọ́n ní gravity (wíwọn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan) àti mag (wíwọn agbára òòfà ilẹ̀) la máa ṣe pọ̀. Mo kà nípa wọn nílé ẹ̀kọ́, àmọ́ mi ò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ wọn rí. Kí ló yẹ kí n mọ̀ tí ìwé kì í sọ?

Àkànní: Àbúrò, kú oríire. Ẹ jẹ́ kí n mú ti mag, torí òun ló yá jù. Agbára òòfà ayé níbi tó o dúró sí ni ẹ̀rọ náà ń kà: nǹkan bíi 25,000 nánótẹ́sílà (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka òòfà) níbi tó kéré jù, bíi 65,000 níbi tó pọ̀ jù. Òkúta tó bá ní magnetite (ohun àlùmọ́ọ́nì onírin tó ní òòfà) nínú ló máa ń yí kíkà yẹn padà. Nítorí náà, tú àpò rẹ kó o tó jáde láàárọ̀. Kọ́kọ́rọ́, fóònù, ọ̀bẹ, bẹ́líìtì onírin, bàtà tó ní irin níwájú, má mú ọ̀kankan dání. Ohun àlùmọ́ọ́nì tó bá ń bá ẹ rìn láti ìlà kan tẹ́ ẹ máa rìn dé èkejì, ara rẹ ló wà o!

Èkejì, òòfà ayé kì í dúró sójú kan. Láàárín ọ̀sán nìkan, ó lè yí padà ní 20, 30 nánótẹ́sílà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé ẹ̀rọ kejì kalẹ̀ síbi kan tó jìnnà sí ọ̀nà ọkọ̀ àti wáyà iná, kó máa kà láti àárọ̀ títí ẹ fi ṣíwọ́. Ohun tó bá yí padà lórí ìyẹn lẹ máa yọ kúrò nínú ti ẹni tó ń rìn. Tí ìjì oòrùn bá ń jà lọ́jọ́ kan, ẹ padà sí àgọ́. Kò sí ìṣirò tó lè tún kíkà ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Àṣàkẹ́: Gravity lèmi fi ń jẹun ní tèmi. Àjàní, gíga ilẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Gravity ayé tó nǹkan bíi 980,000 mílígàlì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka gravity), ohun tá à ń wá nínú rẹ̀ sì lè máà tó 1. Gbé ẹ̀rọ sókè ní mítà kan, kíkà á fi 0.3086 dín. Tá a bá ro òkúta abẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn (ìwúwo tó jẹ́ ìlọ́po 2.67 ti omi ni wọ́n sábà máa ń lò), tó o bá ṣi gíga wọ̀n ní mítà kan, ó ti fi bíi 0.2 mílígàlì ṣìnà nìyẹn. Sẹ̀ǹtímítà 5 péré ti tó 0.01. Ẹ̀rọ òde òní lè ka 0.001, àmọ́ àǹfààní wo ló wà nínú ìyẹn tó bá jẹ́ GPS ọwọ́ lásán lo fi wọn gíga? RTK (GPS tó ń wọn nǹkan dé sẹ̀ǹtímítà díẹ̀) ni kó o béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, má tijú.

Kíkà ẹ̀rọ náà tún máa ń sún díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀. Padà sí ojúkò tó o ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sán àti nírọ̀lẹ́, kó o tún kà á níbẹ̀. Tí òkè tàbí kòtò bá wà nítòsí, kọ ọ́ sílẹ̀, torí ó ń fa kíkà.

Àjàní: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé, Àǹtí. Góòlù ni wọ́n ní àwọn ń wá. Ṣé mag máa rí i?

Àkànní: Rárá o. Góòlù kì í fa òòfà, gíráàmù díẹ̀ nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan ò sì lè yí gravity padà. Ọ̀nà tó gbà là ń wá: ibi tí òkúta ti ya, tí omi gbígbóná ti gbabẹ̀ kọjá tó sì ti ba magnetite ibẹ̀ jẹ́. Nígbà míì, ibi tí mag ti lọ sílẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ gbẹ́.

Àṣàkẹ́: Ìdí tá a fi ń ṣe méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Hematite (ohun àlùmọ́ọ́nì onírin míì) àti magnetite wúwo bákan náà, ó lé ní 5, quartz tó wọ́pọ̀ nínú òkúta sì jẹ́ 2.65. Gravity ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmọ́ magnetite ń pariwo lórí mag, hematite fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Ẹ wo ibi ìwakùsà Olympic Dam ní gúúsù Australia. Lọ́dún 1975, ilé iṣẹ́ ìwakùsà Western Mining Corporation gbẹ́lẹ̀ níbi tí gravity àti mag ti ga pọ̀. Kò sóhun tó hàn lókè rárá, òkúta tó bò ó nípọn tó nǹkan bíi mítà 350. Bàbà ni wọ́n ń wá. Wọ́n bá a, uranium àti góòlù sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Àlàó: Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, kó ṣọ́ra. Òòfà ayé dùbúlẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà kíkà máa ń lọ sílẹ̀ lórí magnetite, dípò kó lọ sókè. Òkúta tó bá nà láti àríwá sí gúúsù lè má hàn dáadáa rárá. Ọ̀pọ̀ àlàyé inú ìwé, ibi tó jìnnà síbẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Àjàní: Ha! Mi ò mọ̀yẹn rí. Ẹ ṣé, sà. Ìlà tá a máa rìn ńkọ́?

Àkànní: Ẹ dábùú ibi tí òkúta nà sí, ẹ má bá a lọ lóòró. Kó o sì bi wọ́n bóyá wọ́n ti wọn ìwúwo òkúta àdúgbò náà. Ohun kékeré tó wà nítòsí àti ohun ńlá tó wà nísàlẹ̀ lè fúnni ní kíkà tó jọra. Tí wọn ò bá tíì wọ̀n ọ́n, máa ṣa òkúta bó o ṣe ń lọ, kó o kọ ibi tó o ti mú u sára àpò rẹ̀.