New Mexico Bowl: ọjọ́ wo ló yẹ kí ẹgbẹ́ etí òkun dé Albuquerque?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní yunifásítì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn: a ń lọ gbá New Mexico Bowl, ìdíje ìparí sáà àwọn yunifásítì, ní ìlú Albuquerque ní ìpínlẹ̀ New Mexico, Amẹ́ríkà.

Etí òkun la ti ń gbá bọ́ọ̀lù, pápá Albuquerque sì fi ohun tó lé ní mítà 1,500 ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì gbẹ. Àwọn abarapá iwájú, àwọn tó wọn kílò 140, lè ti máa mí hẹlẹ ní kúọ́tà kejì. Ètò tó wà nílẹ̀ ni ká dé lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí gan-an: ọjọ́ mẹ́rin kò tó kí ara mọ́ra, ó sì tó kí oorun àti omi ara dínkù. Ṣé kí a kúkú dé nígbà tó bá ku ọ̀la kí a gbá a?

Èkejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìsí ìdíje ṣáájú eré yìí máa ń ba ìgbénilulẹ̀ (dídá ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù wó lulẹ̀) jẹ́. Ẹsẹ̀ á dúró, wọ́n á wá máa na ọwọ́ nìkan sí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Mo fẹ́ ṣètò ìfarakanra gidi, ìgbà 24 péré, lọ́jọ́ mẹ́wàá ṣáájú, kí n má sì tún ṣe é mọ́ ní ọjọ́ márùn-ún tó gbẹ̀yìn, nítorí ìṣèṣe. Ṣé ó tó?

Ti punt náà ńkọ́, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí a fi ẹsẹ̀ ta lọ jìnnà fún ẹgbẹ́ kejì? Bọ́ọ̀lù ń fò jìnnà níbẹ̀, á balẹ̀ kí àwọn tiwa tó ń sáré tẹ̀ lé e tó dé. Ṣé kí agbábọ́ọ̀lù wa ta á sókè sí i ni, àbí kó darí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà?