Jáàkì wo ni ó yẹ kí n rà fún pípààrọ̀ táyà tírélà onílé?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí là mí lọ́yẹ̀. Ní ọdún tó kọjá ni èmi àti ìyàwó mi ra tírélà onílé, irú èyí tí a ń fi ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù fà, tí ibùsùn, ààrò àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe tírélà akẹ́rù ni mo ń sọ. Táyà mẹ́rin ni ó ní, méjì ní ọ̀tún, méjì ní òsì, tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé òun àti ẹrù inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wúwo ju 7,000 páùn lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, bí a ṣe ń ti Houston lọ sí San Antonio lójú ọ̀nà I-10, táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún bẹ́ kí a tó dé Columbus. Mo rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo sì gbé jáàkì kékeré tí ó bá ọkọ̀ wá jáde, irú èyí tí a ń yí tí ó ń ṣí bí àlùmọ́gàjí. Òjò ti rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ilẹ̀ sì rọ̀. Bí mo ti ń yí jáàkì náà, dípò kí tírélà gòkè, ẹsẹ̀ jáàkì ni ó ń wọ ilẹ̀ lọ, nígbà tí ó sì yá, mo rí i pé orí rẹ̀ ti ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ lọ sí ẹ̀yìn irin ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá fìì, afẹ́fẹ́ wọn sì ń mi ilé náà lórí jáàkì. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Wákàtí mẹ́ta ni a fi dúró de ẹni tí a pè, kò sì lò tó ogún ìṣẹ́jú tí ó fi parí iṣẹ́ náà.

Mi ò fẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí wa. Nínú àwọn tí mo rí lórí àtẹ, jáàkì onígò wà, èyí tí ó dúró bí ìgò tí òróró inú rẹ̀ sì ń ti ọ̀pá rẹ̀ sókè, tọ́ọ̀nù 2, 6 àti 12. Èyí tí ó ní wíìlì lábẹ́ wà. Mo sì tún rí ohun kan bí pèpéle tí wọ́n ní kí a wa táyà gùn. Èwo ni kí n rà? Aládùúgbò mi sọ pé abẹ́ axle, irin gbọọrọ tí ó so táyà ọ̀tún mọ́ ti òsì, ni kí n máa gbé jáàkì sí, ṣùgbọ́n ìwé tí ó bá tírélà wá sọ pé abẹ́ férémù, àwọn irin tí gbogbo ilé náà jókòó lé, nìkan ni. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n tẹ̀ lé nínú àwọn méjèèjì?

Bàbá Táyà, San Antonio

Àbúrò mi, ẹ kú ewu, ẹ sì kú orí ire. Títún irú tírélà yìí ṣe ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ parí sí.

Ìwé yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Axle yẹn, ihò ni inú rẹ̀ bí ti páìpù, kò sì tọ́ gbọnrangandan bí ojú ṣe ń rí i. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ tẹ àárín rẹ̀ sókè díẹ̀, kí táyà lè dúró ṣánṣán nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá gbé jáàkì sí àárín páìpù bẹ́ẹ̀, tí ó sì tẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ni ilẹ̀ yóò máa jẹ lára táyà. Ẹnìkan gbé tírélà wá fún mi tí táyà rẹ̀ kò tíì pẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ ìta rẹ̀ ti dán bí àwo tánganran, tí òjú ẹ̀gbẹ́ inú sì ṣì mú ṣáṣá. Mo wọ abẹ́ tírélà náà, mo fọwọ́ pa axle láti ìkangun dé ìkangun, ibi tí jáàkì ti jìn sínú páìpù náà ni ìka mi sì ti dúró. Ó tó orí ọ̀pá jáàkì ní fífẹ̀. Axle tuntun ni ó rà.

Àwọn olùṣe kan gbà kí a gbé jáàkì sí abẹ́ pátákó irin tí àwọn bóòtù fi di sípíríìnì mọ́ axle, nítorí pé ibẹ̀ lágbára. Àwọn mìíràn kọ̀ ọ́ pátápátá. Ní ti àwọn tírélà tí kò ní sípíríìnì, tí ó jẹ́ pé rọ́bà inú axle ni ó ń gba ìjá ọ̀nà, férémù nìkan ni tiwọn. Àwọn ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ó wà ní igun tírélà, tí a máa ń sọ̀ kalẹ̀ bí a bá ti dé ibùdó, kì í ṣe fún gbígbé e sókè rárá. Kí ilé má baà máa mì ni wọ́n wà fún.

Ní ti tọ́ọ̀nù, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n tírélà bá wà lórí ìdí pikọ́ọ̀pù, ìyẹn 840 páùn, 6,160 ni ó kù fún táyà mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kan sì ń gbé 3,080. Tọ́ọ̀nù kan ní Amẹ́ríkà jẹ́ 2,000 páùn. Tọ́ọ̀nù 2 lè gbé e lójú ìwé, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí jáàkì máa lo gbogbo agbára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí ọkọ̀ ń kọjá. Onígò tọ́ọ̀nù 6 ni mo máa yàn. Ti 12 wúwo, òmíràn sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní wọ abẹ́ ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí.

Gíga gan-an ni ó yẹ kí ẹ fi ra jáàkì, kì í ṣe tọ́ọ̀nù nìkan. Ẹ tú afẹ́fẹ́ inú táyà kan sílẹ̀ nílé, kí ẹ wọn abẹ́ férémù sí ilẹ̀. Bí jáàkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé férémù, sípíríìnì yóò máa nà lọ sílẹ̀ pẹ̀lú táyà, nítorí náà férémù yóò gòkè dáadáa kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ rántí pé sípéà tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ga ju èyí tí ó bẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti yọ táyà tán, tí jáàkì wọn sì ti dé òpin, tí sípéà kò sì wọlé.

Ìyá Ìbejì, Dallas

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, kí a má fojú kéré pèpéle yẹn. Táyà kejì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ni a máa ń wa gùn ún, èyí tí ó bẹ́ yóò sì dúró lófuurufú. Bí ti ẹ̀yìn bá bẹ́, iwájú táyà iwájú ni ẹ ó gbé e sí, kí ẹ sì wa ọkọ̀ síwájú pẹ̀lẹ́. Bí ti iwájú bá bẹ́, ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn ni ẹ ó gbé e sí, kí ẹ sì fi ọkọ̀ ti tírélà padà sẹ́yìn. Ti tiwa ń gbé táyà sókè ní ínṣì 4 ààbọ̀. Ní Oklahoma, nínú òjò, òun ni èmi àti ọkọ mi lò, ẹnìkankan nínú wa kò sì tẹ orí wọ abẹ́ tírélà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ nìyẹn.

Tírélà tí táyà rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò lè lò ó. Bí táyà méjèèjì ẹ̀gbẹ́ kan bá sì bẹ́, kò wúlò mọ́. Ẹ rí i pé ẹ ti dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí ẹ tó gùn ún, nítorí pé bí táyà bá ti kúrò nílẹ̀, yíyí ni yóò máa yí.

Kọ́lá, Atlanta

Mo ní èyí tí ó ní wíìlì lábẹ́, tọ́ọ̀nù 3. Lórí kọnkéré iwájú ilé, kò sí èyí tí ó dára tó o. Ṣùgbọ́n àwọn wíìlì kéékèèké yẹn kì í yí lórí koríko tàbí òkúta wẹ́wẹ́, ó sì wúwo gan-an fún ohun tí a máa gbé káàkiri. Ilé ni mo ń fi í sí.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo tú afẹ́fẹ́ táyà náà sílẹ̀, férémù wà ní ínṣì 16 ààbọ̀ sí ilẹ̀. Onígò tọ́ọ̀nù 6 tí mo rí ga ní ínṣì 8 ààbọ̀ bí a kò bá tíì fà á. Bí a bá fà á tán tí a sì yí orí rẹ̀ jáde, ó tó nǹkan bí 16. Ó ku díẹ̀ kí ó kan férémù rárá. Ṣé mo lè gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù?

Bàbá Táyà, San Antonio

Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì láéláé. Kì í fọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ó máa ń fọ́. Pákó ni kí ẹ lò: ẹ gé pákó 2x10 sí mẹ́rin, kí ẹ tò wọ́n léra lọ́nà tí ìlà ọ̀kan yóò fi dábùú ìlà èkejì, kí ẹ sì fi ìṣó kàn wọ́n pọ̀. Nípọn wọn yóò jẹ́ ínṣì 6. Orí ìyẹn ni jáàkì yóò jókòó sí, ilẹ̀ rírọ̀ kò sì ní gbé e mì bí ó ṣe ṣe fún yín ní Columbus, nítorí pé pákó náà ti pín ẹrù náà ká.

Ẹ má tú tírélà kúrò lára pikọ́ọ̀pù, kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹ sì fi igi há táyà ẹ̀gbẹ́ kejì níwájú àti lẹ́yìn, bí àwọn ọmọ ọkọ̀ ṣe máa ń ṣe nílé lórí òkè. Bí férémù bá ti gòkè tán, ẹ fi ìdúró irin sí abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó yọ táyà. Jáàkì fún gbígbé ni, kì í ṣe fún dídúró lé lórí.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í kíyè sí ni táyà kejì ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Nígbà tí èyí bẹ́, òun nìkan ni ó gbé ẹrù àwọn méjèèjì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò, ẹ wo ara rẹ̀ bóyá ó wú tàbí ó là, kí ẹ tó gbéra. Bí bóòtù yín bá jẹ́ ti ìdajì ínṣì, 90 sí 120 ft-lb (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì) ni wọ́n sábà máa ń ní kí a fún nọ́ọ̀tì mọ, ẹ sì tún un wò lẹ́yìn máìlì 10, 25 àti 50. Jáàkì onígò, ní ìdúró ṣánṣán ni kí ẹ máa fi í pamọ́, kí òróró rẹ̀ má baà jò.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Houston

Mo ra jáàkì tọ́ọ̀nù 6 náà, mo sì kan pákó bí ẹ ṣe wí. Ní ọjọ́ Sátidé, a dán an wò níwájú ilé: ìyàwó mi ń fa jáàkì, ọmọbìnrin mi àgbà sì di ìwọ̀n mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, ó ń ka ínṣì sókè fún wa. Férémù gòkè ní ínṣì 3 ààbọ̀ kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Sípéà kò wọlé títí ó fi pé 5, ó sì ku nǹkan bí ìdajì ínṣì péré kí jáàkì dé òpin, nítorí náà mo ti fi pákó kan kún un. Pèpéle Ìyá Ìbejì ni mo fẹ́ fi kún un kí a tó lọ sí Garner, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ní Texas, ní oṣù tó ń bọ̀.