Oògùn ìrora lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ eegun: èwo ni ẹ lò, báwo ló sì ṣe rí lára yín?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀kadà gbá bàbá àwọn ìbejì, wọ́n sì ti fi irin sí eegun itan wọn. Diclofenac àti omeprazole tó ń dáàbò bo ikùn ni wọ́n kọ fún wa nígbà tí a ń lọ sílé, ṣùgbọ́n aládùúgbò wa kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ìgbáròkó ní celecoxib ló dára jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti lò wọ́n rí, kí ni ẹ bá pàdé?

Bàbá Ìjẹ̀bú: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá. Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Orúnkún ni wọ́n pààrọ̀ fún èmi. Ketorolac ni wọ́n ń gún mí ní wọ́ọ̀dù, ó sì ń mú ìrora náà rọlẹ̀ kíákíá, àmọ́ nígbà tí mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa gún un lọ, nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé wọn kì í lò ó kọjá ọjọ́ 5, nítorí pé ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa sun nínú, ó sì lè pa kíndìnrín lára. Celecoxib ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, 200 mg ní àárọ̀ àti ní alẹ́, pẹ̀lú paracetamol. N kò lè sọ pé ó yára tó abẹ́rẹ́ yẹn. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé ẹni tó ń kọ́ mi ní ìrìn ní kí n máa lo oògùn náà ṣáájú kí òun tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí òun bá ti tẹ orúnkún náà tán. Bí oògùn bá ti wọra, orúnkún á ká. Bí kò bá tíì wọra, a kì í lè ṣe púpọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Ọ̀ṣogbo: Diclofenac ló gbé èmi dìde, n kò ní sẹ́ ẹ.

Àbígbẹ̀yìn Màmá: Ẹ jẹ́ kí n sọ ti màmá mi, nítorí ọ̀rọ̀ diclofenac yìí kò ṣeé fi ẹnu kan sọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìgbáròkó fún wọn, òun ni wọ́n ń lò. Ìrora kò jẹ́ kí wọ́n sùn lóru, ni ẹnìkan bá bá wọn ra oògùn mìíràn ní kẹ́míìsì kan, tí orúkọ gàdàgbà tó wà lójú páálí rẹ̀ kò jọ ti èkíní rárá. Ìgbà tí a yí páálí náà sẹ́yìn ni a rí lẹ́tà wínníwínní tó ní ibuprofen ni. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, ìgbẹ́ wọn dúdú. Àwọn ará ilé ní oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kọ fún wọn, èyí tó ní irin nínú tó ń fi kún ẹ̀jẹ̀, ló fà á, nítorí pé oògùn ẹ̀jẹ̀ yìí a máa sọ ìgbẹ́ di dúdú lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kíyè sí i pé èyí nípọn, ó ń lẹ̀ mọ́ póò, omi kò sì tètè ṣàn án kúrò, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀jẹ̀ ni, láti inú ikùn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára kí ara wọn tó balẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ṣogbo: Yéè! Àyà mi já. Èmi náà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ báyìí.

Afínjú Abẹ́òkúta: Àgbo ló fà á, kì í ṣe oògùn òyìnbó.

Ọmọ Ẹlẹ́wé-Ọmọ: Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru àgbo. Oògùn òyìnbó méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ni ìyá yìí ń lò pọ̀, bẹ́ẹ̀ àgbo ni ẹ kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Apòògùn Ìbàdàn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, nítorí iṣẹ́ mi ni. Agbo ilé kan náà ni diclofenac, ibuprofen, naproxen, ketorolac àti celecoxib ti wá. John Vane fi hàn ní 1971 pé irú oògùn báyìí kì í jẹ́ kí ara ṣe prostaglandin, èyí tó ń mú ojú ọgbẹ́ wú tó sì ń mú un dunni. Ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Prostaglandin yìí kan náà ló ń dáàbò bo ara ikùn, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé kíndìnrín. Celecoxib kì í sábà yọ ikùn lẹ́nu tó àwọn yòókù, ìdí nìyẹn tí aládùúgbò yín fi ń yìn ín, ṣùgbọ́n kò mọ́wọ́ kúrò lára kíndìnrín. Ti ọkàn náà tún wà níbẹ̀: ní 2004, Merck kó rofecoxib, àbúrò celecoxib, kúrò lọ́jà nítorí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀, ní 2013, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù ní kí àwọn tó ní àrùn ọkàn má lo diclofenac. Bó bá jẹ́ ti ìrora nìkan, ìyàtọ̀ àárín wọn kò pọ̀ tó bí a ti ń rò; àìsàn tó ti wà lára ẹni tó fẹ́ lò ó ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ìyá Ìbejì, ṣé bàbá ní ẹ̀jẹ̀ ríru?

Ìyá Ìbejì: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Lisinopril ni wọ́n ń lò, pẹ̀lú èyí tó ń mú wọn tọ̀ léraléra.

Apòògùn Ìbàdàn: Ẹ pe dókítà wọn lónìí, mà, kí ẹ dárúkọ gbogbo oògùn náà fún un. Bí àwọn méjì yẹn bá pàdé diclofenac, wọ́n lè ba iṣẹ́ kíndìnrín jẹ́, pàápàá bí bàbá kò bá mu omi tó. Kí wọ́n má ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra wọn o.

Akọni SS: Wọ́n ṣọ́ra nítorí kíndìnrín tèmi náà. Fọ̀níkú-fọ̀ladìde ló ba eegun ìgbáròkó mi jẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, àyẹ̀wò sì fi hàn pé kíndìnrín mi kò lágbára mọ́, nítorí náà wọn kò fún mi ní ìkankan nínú agbo ilé yìí.

Nọ́ọ̀sì Manchester: Ẹ má fojú tín-ín-rín paracetamol. Ní wọ́ọ̀dù eegun tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba níbí, àwọn àgbà wa a máa tì í sẹ́yìn pé oògùn orí fífọ́ lásán ni. Bí àgbàlagbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dára bá ń lò ó déédéé, 1 g ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, láìkọjá 4 g lójúmọ́, ìwọ̀n oògùn ìrora líle bíi morphine tí yóò nílò a máa dín kù.

Kúnlé Àkúrẹ́: Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ti eegun fúnra rẹ̀. Eegun ojúgun mi kò so bọ̀rọ̀, dókítà tó tún un ṣe sì ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan diclofenac mọ́, nítorí pé kì í jẹ́ kí eegun tètè so.

Bàbá Ìjẹ̀bú: Dókítà tèmi kò bẹ̀rù rẹ̀ rárá.

Apòògùn Ìbàdàn: Tiyín yàtọ̀, bàbá, nítorí pé orúnkún ni wọ́n pààrọ̀, kì í ṣe eegun tó ṣẹ́ tí a ń retí kí ó so. Nínú àwọn ẹranko tí wọ́n fi dán an wò, oògùn wọ̀nyí a máa fa síso eegun sẹ́yìn. Lórí ènìyàn, awuyewuye ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé lílò rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kò léwu púpọ̀, àmọ́ wọn kì í fẹ́ ẹ fún ẹni tí eegun rẹ̀ ti kọ̀ láti so rí.

Ọmọ Ẹlẹ́wé-Ọmọ: Ẹ kò tíì dáhùn ti àgbo.

Apòògùn Ìbàdàn: Ó kù síbi ohun tí wọ́n fi rẹ ẹ́. Ọtí pẹ̀lú oògùn wọ̀nyí a máa dá kún ewu ẹ̀jẹ̀ sísun nínú ikùn. Àbígbẹ̀yìn, ṣé omi ni wọ́n fi rẹ ti màmá, àbí ọtí?

Àbígbẹ̀yìn Màmá: Ògógóró ni, sà.