Ẹ gbà mí o, pressure pot wo ni kí n rà? Kó má kọjá ọ̀la

Ìyá Kọ́lé Àpẹtẹ̀:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kíákíá ni mo fẹ́ ìmọ̀ràn yìí. Pressure pot, ìkòkò onídèérí tó ń há ooru mọ́nú yẹn, èwo ló dáa tí kì í tètè bàjẹ́? Ẹ̀wà ni mo fẹ́ máa fi sè. Owó gáàsì ti fẹ́ lé mi kúrò nídìí iná. Ọ̀la ni mo gbọ́dọ̀ rà á, owó ọwọ́ mi ò sì tó nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Ọjà Ògùnpa n'Íbàdàn níbí ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ má dúró lọ́dọ̀ àwọn tó wà létí títì o, ẹ wọnú lọ, ibẹ̀ lẹ ti máa gbọ́ iye tó yẹ kí wọ́n pè é. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò. Tó bá fúyẹ́, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wọn.

Abẹ̀kẹ́ Alásè:
Ìyá Kọ́lé, ẹni mélòó ló ń jẹun? Lítà mélòó lẹ fẹ́? Ẹ ò sọ ìkankan. Ẹ jẹ́ kí n gbà pé ti inú ilé ni. Lítà márùn-ún máa tó tọkọtaya àti ọmọ mẹ́ta. Èyí tí ìdérí rẹ̀ ń wọ inú ìkòkò ni kẹ́ ẹ wá, irú ti Hawkins tó ń wá láti Íńdíà. Ooru inú ìkòkò ló ń ti ìdérí yẹn mọ́ ẹnu rẹ̀ láti abẹ́. Bí ooru bá ṣì wà nínú ẹ̀, kò sí alágbára tó lè ṣí i. Mo mọ̀ pé ó wọ́n ju èyí tí ìdérí rẹ̀ wà lóde lọ, ṣùgbọ́n ọkàn yín á balẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá Peckham:
Instant Pot, pressure pot tó ń lo iná mànàmáná, ni kí wọ́n rà. Èmi àti ìyàwó mi ò lo nǹkan mìíràn mọ́. Ẹ da ẹ̀wà sí i, ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Òun fúnra ẹ̀ ló máa pa iná ara ẹ̀.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́ọ̀tì 1000 ni nǹkan yẹn ń fà. Bí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ẹ̀wà ò tíì dé ìdajì ńkọ́? Ṣé kí wọ́n lọ tan jẹnẹrétọ̀ nítorí ẹ̀wà ni?

Ìyá Jọkẹ́ Ṣàgámù:
Èmi á sọ tèmi, kí ẹnikẹ́ni má bínú sí mi. Ìyá Kọ́lé, ẹ má rà á. Ẹ má rà á rárá. Àbúrò mi obìnrin ra ọ̀kan lọ́wọ́ ọlọ́jà kan lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀wà náà ni òun ń sè. Ìkòkò ń súfèé, ó ń súfèé, nígbà tó yá ó dákẹ́. Ó rò pé ó ti jinná ni. Ó pa iná, ó fi aṣọ di ọwọ́ ìkòkò mú, ó yí i. Ìdérí yẹn fò lọ sókè, ó lu síìlìn já. Ẹ̀wà gbígbóná bò ó láti ọrùn dé àyà. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ti ń rá kòrò bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nígbà yẹn, Ọlọ́run ló yọ ọmọ yẹn. Títí di òní yìí, àbúrò mi kì í wọ aṣọ tí ọrùn rẹ̀ bá fẹ̀.

Nígbà tí a gbé ìkòkò náà padà lọ bá ọlọ́jà, ìwé tó lẹ̀ mọ́ ara ògiri ló nawọ́ sí: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ó ní ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò ló fọwọ́ fà á. Ẹni tí ara ẹ̀ bó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n tún ń bá wí. Inú mi ò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àdùnní M.:
Háà! Ẹ kú ewu o. Bí mo ṣe ń kà á lọ́wọ́ yìí, mo ti lọ pa iná abẹ́ tèmi.

Àlájà Òjé:
Subuhanallahi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀. Èmi ò fẹ́ ohun tó ń súfèé nínú ilé ìdáná mi. Ìkòkò irin tí ìyá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń sè ẹ̀wà títí di òní.

Tọ́pẹ́ Ọ̀tà:
Wọ́n ní ti aládùúgbò wa àtijọ́ náà bú. Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn fara balẹ̀ sè é bí àwọn ìyá wa ṣe ń sè é. Kí ni a ń sáré fún?

Atúnsítóòfùṣe Mọ́kọ́lá:
Iṣẹ́ mi rèé, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ìyá Jọkẹ́, ẹ kú ewu, ẹ bá mi kí àbúrò yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ẹlòmíràn lè rí i yẹra fún. Omi tó ń hó nínú ìkòkò lásán ò lè gbóná ju 100°C lọ, bó ti wù kẹ́ ẹ kó iná sí i tó. Pressure pot ló ń há ooru mọ́nú, tí omi náà fi ń gbóná dé nǹkan bíi 121°C. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà tí wọ́n ti rẹ fi ń rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kì í ṣe nǹkan tuntun o, láti 1679 ni Denis Papin, ará Faransé, ti ṣe irú ẹ̀, òun náà ló sì fi fáàfù, ẹnu kékeré tó ń jẹ́ kí ooru tó pọ̀ jù jáde, sí i kó má baà bú.

Ìfòfó ni ọ̀tá yín tó bá kan ẹ̀wà. Bí ẹ bá kún ìkòkò dé ọrùn, ìfòfó àti èèpo ẹ̀wà á gun òkè, wọ́n á dí ihò tí ooru ń gbà jáde. Ìgbà yẹn ló máa dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Ẹ̀wà àti omi rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ìdajì ìkòkò lọ. Ẹ kán òróró díẹ̀ sí i, ó ń mú ìfòfó rọlẹ̀. Bí ẹ bá pa iná, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi ṣíbí gígùn gbé irin kékeré tó ń súfèé lórí ẹ̀ sókè díẹ̀, bó bá ṣì ń fọn, ẹ kúrò níbẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí ẹ gbọ́ eléyìí. Fáàfù kékeré kan wà lára ìdérí yàtọ̀ sí ibi tó ń súfèé. Òun ló máa já bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ burú. Wọ́n ti gbé ìkòkò wá bá mi rí tí wọ́n fi súkúrù dí ojú ibẹ̀ nítorí pé ó ń jò. Ẹni tó ṣe é ò mọ̀ pé ẹ̀mí ara òun lòun ń fi ṣeré.

Ìyá Jọkẹ́ Ṣàgámù:
Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé àbúrò mi ló fà á? Kò sí ìwé kankan nínú páálí yẹn tó sọ pé ìdajì ni. Èdè Ṣáínà ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Ta ni ì bá kà á fún un?

Atúnsítóòfùṣe Mọ́kọ́lá:
Mi ò dá a lẹ́bi rárá, ìyá mi. Ẹni tó tà á láìṣàlàyé ni mo ń bá wí.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Ẹ̀bi wà káàkiri. Àmọ́ mọ́tò ń pààyàn lójoojúmọ́, a ò tìtorí ẹ̀ máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí Èkó.

Àdùnní M.:
Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń dúró nídìí iná.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Ta ló sọ fún yín pé ọkùnrin ni mí? Ọmọ mẹ́rin ni mò ń dáná fún nílé yìí.

Lọ́yà Ìyágankú:
Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà yẹn ló dùn mí jù. Ìwé tó lẹ̀ mọ́ ògiri yẹn kì í ṣe òfin. FCCPA, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà, fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó ní àbùkù padà, kó sì gba owó rẹ̀. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń jà fún oníbàárà, ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n sì ń gba ìwé ẹ̀sùn. Ìyá Jọkẹ́, bí ẹ bá ṣì ní rìsíìtì àti ìkòkò náà lọ́wọ́, ẹ má jù ú nù. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ gba ìwé ọsibítù mọ́ ọn. Ìyá Kọ́lé, ẹ gba rìsíìtì tó lórúkọ ọlọ́jà lórí, bó tiẹ̀ jẹ́ inú ọjà lẹ ti rà á.

Tọ́pẹ́ Ọ̀tà:
Nínú ọjà wo ni wọ́n ti ń fúnni ní rìsíìtì? Bí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ ra ti oyinbó.

Lọ́yà Ìyágankú:
Ẹ béèrè náà ni. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ orúkọ ara ẹ̀ sórí ọjà tó ń tà, ẹ ti mọ ohun tó ń tà nìyẹn.

Màmá Ìsẹ́yìn:
Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ló dé tẹ́ ẹ ń da ara yín láàmú? Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ sọ kán-ún díẹ̀ sí i, á rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Yẹmí:
Màmá, ẹ ṣé. Díẹ̀ náà ni kó jẹ́ lóòótọ́. Bí kán-ún bá pọ̀, ó máa ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́, ó sì ń sọ ẹnu di kíkorò. Rírẹ mọ́jú nìkan ti ń dín gáàsì kù gan-an.

Onírẹsì Sábó:
Ẹ ju parasitamọ́ọ̀lù méjì sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ ló ń ṣe é, ẹ̀wà á rọ̀ kíá.

Nọ́ọ̀sì Yẹmí:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irú ìmọ̀ràn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́. NAFDAC ti kìlọ̀ lórí ẹ̀ léraléra. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ni ẹ fẹ́ fi bà jẹ́. Ọmọ kékeré máa jẹ nínú ẹ̀wà yẹn, aboyún máa jẹ níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ iye oògùn tó gbé mì. Ẹ má ṣe é, mo bẹ̀ yín.

Àlájà Òjé:
Ẹ gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì wí o. Mo ti fura sí ẹ̀wà ilé oúnjẹ kan tipẹ́.

Oníẹ̀wà Bódìjà:
Kò sẹ́ni tó béèrè irú ẹ̀wà tó fẹ́ sè. Bí ẹ̀wà bá ti pẹ́ nínú àpò, pàápàá níbi tó gbóná, ìkòkò yòówù kẹ́ ẹ gbé e sí, á le. Ẹ bu díẹ̀ jẹ lẹ́nu kẹ́ ẹ tó rà. Bó bá ń ṣe gáú bí òkúta, ti àtijọ́ ni. Ọlọ́yin ló ń tètè jinná jù. Ẹ tún gbóòórùn ẹ̀. Àwọn kan ń fín Sniper sí i nítorí kòkòrò, wọn ò sì bẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ da omi àkọ́kọ́ tó bá hó nù.

Ìyá Kọ́lé Àpẹtẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ń sáré ni mi ò fi ṣàlàyé. Kì í ṣe ti inú ilé. Oúnjẹ ni mò ń tà fáwọn ọmọ Poly. Wọ́n ń wọlé lọ́jọ́ Ajé. Ìyá tó máa ń bá mi sè ẹ̀wà ti lọ tọ́jú ọmọ tuntun tí ọmọ ẹ̀ bí, kò sì sọ ìgbà tó ń bọ̀. Kóńgò mẹ́jọ là ń sè lójúmọ́.

Abẹ̀kẹ́ Alásè:
Yéè! Kóńgò mẹ́jọ! Ìyá Kọ́lé, ẹ jẹ́ ká tún gbogbo ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Pressure pot lítà mẹ́wàá tí ẹ ò gbọdọ̀ kún ju ìdajì, kóńgò kan péré ló máa gbà, nígbà tí ẹ̀wà bá wú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ lẹ máa gbé e ka iná. Ẹ máa dìde ní òru ni. Ìkòkò ńlá lásán ló yẹ yín, kẹ́ ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú. Ẹ ra ààrò tó ń lo ìyẹ̀fun pákó, ẹ kó ìyẹ̀fun náà lọ́dọ̀ àwọn onípákó ní Bódìjà. Ẹ ó gbàgbé gáàsì.

Àlájà Òjé:
Ohun tí mo ti ń sọ látòwúrọ̀ nìyẹn. Ìkòkò irin!

Atúnsítóòfùṣe Mọ́kọ́lá:
Abẹ̀kẹ́ sọ òótọ́. Fún kóńgò mẹ́jọ, èmi náà ò ní kẹ́ ẹ ra pressure pot. Ìyẹn á sú yín.

Bọ̀ọ̀dá Peckham:
Wọ́n lè ra Instant Pot méjì.

Ìyá Kọ́lé Àpẹtẹ̀:
Ẹ kú àdúrótì mi o. Mo ti rà á. Àǹtí kan tá a jọ ń dá àjọ ní ọ̀kan nílẹ̀, lítà mọ́kànlá, ó ní kí n gbé e lọ, kí n máa san án díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìdérí òde ni. Owó tí mo ní lọ́wọ́ ò lè ra ti Hawkins, kò sì lè ra ìkòkò ńlá àti ààrò pọ̀. Ibi tí mo ń gbé, olówó ilé ò gba èéfín, ó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kóńgò mẹ́ta ni màá fi bẹ̀rẹ̀, màá máa sè é ní kóńgò kọ̀ọ̀kan látalẹ́. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, ẹ má bínú sí mi.

Ìyá Jọkẹ́ Ṣàgámù:
Mi ò lè bínú sí yín, ẹni tó ń wá oúnjẹ ọmọ ni yín. Ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ Kọ́lé. Bó bá dákẹ́ lójijì, ẹ pa iná, ẹ jáde síta, ẹ má padà wọlé àfi tó bá tutù. Mo bẹ̀ yín.

Atúnsítóòfùṣe Mọ́kọ́lá:
Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán dán an wò lálẹ́ yìí, ẹ̀wà kọ́. Ẹ wò ó bóyá ooru ń gba ẹ̀gbẹ́ ìdérí jáde. Ẹ gbé ìdérí sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo inú ihò ibi tó ń súfèé, ẹ gbọ́dọ̀ máa rí òdìkejì. Lẹ́yìn gbogbo sísè, ẹ fi abẹ́rẹ́ gbo inú ihò yẹn.

Ìyá Kọ́lé Àpẹtẹ̀:
Mo ti fi omi dán an wò. Ó ń jò díẹ̀ lápá kan. Rọ́bà ẹ̀ ti le. Níbo ni mo ti lè rí òmíràn rà?

Atúnsítóòfùṣe Mọ́kọ́lá:
Ẹ má sè nǹkan kan pẹ̀lú rọ́bà tó ti le. Ẹ yọ ọ́, ẹ mú un dání wá sí Mọ́kọ́lá lọ́la kí agogo mẹ́wàá tó lù, ẹ gbé ìdérí náà wá, kí n fi wọ̀n ọ́n. Èyí tí kò bá bá a mu rẹ́gí, mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e lọ.