"Asẹ́ ẹ̀jẹ̀" kọ́ ni

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀kun o.

Mo rí àbá ẹ̀gbọ́n wa ará Ìjùmú pé kí á pe oxygenator aláwọ (membrane oxygenator), ẹ̀rọ tó ń fún ẹ̀jẹ̀ ní ọ́síjìn dípò ẹ̀dọ̀fóró níbi iṣẹ́ abẹ ọkàn, ní "asẹ́ ẹ̀jẹ̀". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ ọn. Bí àwọn ìyá wa ní Kabba bá ń sẹ́ ògì, omi ògì ló ń gba ojú asẹ́ kọjá, èèrí a sì ṣẹ́kù. Ẹ̀jẹ̀ kì í gba ojú nǹkan kan kọjá nínú ẹ̀rọ yìí. Ẹ̀yìn òwú oníhò tín-ín-tìn-ìn-tín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń gbà ṣàn, ọ́síjìn ń gba inú òwú. Ọ́síjìn yọ́ gba ara òwú, tí í ṣe awọ náà, kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta yọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kí á fi "asẹ́ ẹ̀jẹ̀" sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kíndìnrín. Lóòótọ́, àwọn méjèèjì bára tan: ní 1944, Kolff, dókítà tó ṣe kíndìnrín àtọwọ́dá, rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú ẹ̀rọ rẹ̀ ń pọ́n sí i, nítorí ọ́síjìn ń gba ojú awọ rẹ̀ wọlé.

"Amẹ́jẹ̀mí" ni tèmi: ó mú ẹ̀jẹ̀ mí. (Ẹ kọ àmì ohùn rẹ̀ o, kó má di amẹ̀jẹ̀, kí aláìsàn má sá kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.) Ti àtijọ́, tí wọ́n ń fẹ́ ọ́síjìn sínú ẹ̀jẹ̀ gan-an títí á fi hó bí omi ọṣẹ, tó sì máa ń pa ẹ̀jẹ̀ lára, á jẹ́ amẹ́jẹ̀mí oníhíhó. Tòde òní, amẹ́jẹ̀mí aláwọ.

Clinical performance tí ẹnì kan pè ní "iṣẹ́ ilé ìwòsàn" dà bí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ màlúù dán ẹ̀rọ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Ohun tí wọ́n wá ń fi wéra ni ìṣesí rẹ̀ lára aláìsàn: ọ́síjìn tó fún ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá tó dín kù kí ẹ̀jẹ̀ tó jáde, omi tí wọ́n ní láti rọ kún un ṣáájú. Tí omi yẹn bá pọ̀, á la ẹ̀jẹ̀ ọmọdé jù.

Ó ku "jíjò", tí wọ́n fi túmọ̀ plasma leakage. Bí awọ polypropylene (irú ike kan) bá ṣiṣẹ́ pẹ́, omi inú ẹ̀jẹ̀ (plasma) máa ń yọ sí ìhà afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ awọ náà kò ya. Àmù ìyá àgbà mi kò là, síbẹ̀ ara rẹ̀ máa ń tutù rinrin. A kì í sọ pé àmù ń jò; ó ń làágùn ni. Ìlàágùn ni kí á kọ.

"Òwú oníhò" tí mo pe hollow fibre kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin ará Bùnú tí ẹ mọ̀ nípa aṣọ híhun, kí lẹ rí sí i?